Èwo Nínú Ìwé Màdáàmù La Máa Kọ́kọ́ Kà?

Ọmọ ọmọ mi kan tó ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní wọ́n fún àwọn ní orúkọ obìnrin ará Faransé kan tó ń kọ ìtàn àròsọ, pé ìwé rẹ̀ pọ̀ bí nǹkan míì, òun kò sì mọ èyí tí òun máa kọ́kọ́ mú. "Màmá, wọ́n ní ẹ ti kà á tán. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Mo bú sẹ́rìn-ín títí ó fi bi mí pé kí ló dé. Obìnrin tó ń wí yẹn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó wà láàyè, ara rẹ̀ le koko, ó ń kọ̀wé ní Párí. Àwa náà ń bó ẹ̀gúsí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìbéèrè yẹn gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìyàwó kan kúrò nílé wa. Mo sọ fún ọmọ náà pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, kó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ fún un. Kò dùn mọ́ ọn nínú, nítorí ọ̀la ló fẹ́ lọ yá ìwé. Ẹ má dá àwọn ọmọ ìsinsìnyí lóhùn jàre.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́dún náà. Ilé wa wà nínú kọ̀rọ̀ kan tó há débi pé bí ènìyàn bá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan á kan ògiri wa, èkejì á kan ti aládùúgbò. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ṣe àkóso ilé. Ládàánì kò ní tíì parí ìpè ìrun àárọ̀ tí a ó ti máa gbọ́ ohùn wọn láàárín àgbàlá: ta ló gbàgbé kórobá sídìí kànga, ta ló jẹ́ kí ògì já, èwo nínú ẹ̀yin ọmọ yìí ni kò tíì bọ́jú. Lẹ́yìn náà ni fèrè ọkọ̀ ojú omi yóò dún láti ọ̀nà Màrínà, tí ọmọ ọlọ yóò máa lọ ata, tí òórùn àkàrà yóò gba gbogbo yàrá. Ẹ̀gúsí ni Ìyá Àgbà ń tà lọ́jà Èbúté Èrò, àwa ará ilé la sì ń bá wọn bó o. Tí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ní òun ń lọ síbì kan. Àwọn ìyàwó ilé á gbé àpótí ìjókòó wọn jáde, àwa ọmọ á tẹ́ ẹní, Ìyá Àgbà á da ẹ̀gúsí sínú atẹ́ kálukú. Tí ọwọ́ mẹ́wàá bá ń bó ẹ̀gúsí lẹ́ẹ̀kan náà, ìró rẹ̀ dà bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lórí páànù. Títí di òní, tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èékánná àtàǹpàkò mi máa ń dùn mí.

Lọ́dún yẹn ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, mú ìyàwó dé. Akọ̀wé ni wọ́n níléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan, iṣẹ́ gbé wọn dé Àjàṣẹ́ tó wà lábẹ́ àwọn Faransé, ìyàwó sì bá wọn padà. Àǹtí Àjàṣẹ́ la ń pè é. Ọmọ Mùsùlùmí ni, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn Sísítà ló ti kàwé, ó gbọ́ Faransé bí ẹni mumi. Yorùbá rẹ̀ ni àwọn ìyàwó ilé kò jẹ́ kó sinmi lé lórí. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó ní kí wọ́n bá òun mú nǹkan nídìí ààrò, bó ṣe fi ohùn Àjàṣẹ́ pè é ni wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn. Ìyá Múfú, ìyáálé gbogbo wọn, tún un sọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, sétí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Kò sí ìkà nínú rẹ̀, ẹnu Ìyá Múfú kì í dákẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Àǹtí ti pa ẹnu mọ́. Á kúnlẹ̀ kí gbogbo ènìyàn, á ṣiṣẹ́ rẹ̀, á wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ìyá Àgbà kò lè fara da ènìyàn tó dákẹ́. Wọ́n ní àwọn kò mọ ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ ń rò sí àwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níṣojú gbogbo wa, wọ́n pe Bàbá Kékeré, wọ́n sì sọ fún wọn pé bí ìyàwó wọn kò bá tíì bá ilé mu kí ọdún Iléyá tó dé, kí wọ́n lọ gba yàrá fún un ní Èbúté Mẹ́ta, kó máa dá dákẹ́ níbẹ̀. Iléyá kù bí oṣù méjì. Bàbá Kékeré dọ̀bálẹ̀, Àǹtí ń fọ abọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àyà mi já. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ọmọ rere tó ń ro tẹlòmíràn o. Àǹtí ló ń di irun mi tí kì í dùn mí, ó ń bá mi fi Faransé kí ara wa láàárọ̀, ó sì ń fún mi ní ṣúgà jẹ. Èbúté Mẹ́ta, lójú mi nígbà yẹn, kò yàtọ̀ sí Mẹ́kà ní jíjìnnà.

Nínú àpótí Àǹtí, lábẹ́ àwọn aṣọ, ìwé márùn-ún wà. Ẹnì kan náà ló kọ márààrún, obìnrin Faransé kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn. Àǹtí ní òun kò rí ẹlòmíràn tó mọ inú ilé ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Màdáàmù ló ń pè é, bí ẹni pé wọ́n jọ ń tajà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ka ọ̀kan nínú rẹ̀, ó sì gbàgbé ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sókè. Ìyá Àgbà ń kọjá lójú fèrèsé. Wọ́n dúró. Wọ́n bi í pé ta ló wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹnì kankan, ìwé ni. Ìyá Àgbà wò ó títí, wọ́n ní ẹ̀rín tí ènìyàn kan ń dá rín nínú ilé tó kún báyìí, àwọn kò fẹ́ irú rẹ̀, kó gbé ìwé náà bọ́ síta kí gbogbo wa jọ rín in.

Bí Màdáàmù ṣe dé ìdí ẹ̀gúsí nìyẹn. Àǹtí to ìwé márààrún sórí ẹní, ó sì ń ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tínrín jù nínú wọn ni obìnrin náà kọ́kọ́ kọ, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan létí òkun àti bàbá rẹ̀ apẹja. Ìkejì jẹ́ ti ọmọ ìyá méjì tó ń rán fìlà obìnrin tà. Ìkẹta, olùkọ́ kan tó padà dé láti ojú ogun. Ìkẹrin, dókítà kan tí gbogbo abúlé ń purọ́ fún. Èyí tó nípọn jù lọ, ó kàn sọ pé ọ̀rọ̀ ilé ńlá kan ni, ó sì rọra tì í sẹ́yìn. Ó ní òun rò pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó tínrín, níbi tí Màdáàmù fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Múfú fẹ́ ti oníṣòwò fìlà. Èmi fẹ́ ti òkun. Ìyá Àgbà wo àpò ẹ̀gúsí mẹ́fà tó dúró ti ògiri, wọ́n wo àwọn ìwé, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí èyí tó nípọn. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀, ìwé tí kò ní tètè tán làwọn fẹ́. Àǹtí la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìyàwó tuntun wo ló ń bá ìyá ọkọ jiyàn?

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kọ́kọ́ dé. Ahọ́n àwọn ará ilé wa kò gba orúkọ Faransé, Ìyá Múfú gbìyànjú ọ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín, kò sì tún gbìyànjú òmíràn mọ́. Àǹtí kò sì lè fún wọn ní Sàrátù tàbí Ràfíù, nítorí kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ilé wa kan kì í jẹ́, ìyàwó kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Gbogbo wa ló ti fún lórúkọ tirẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń ṣe. Èmi ni Eyínfúnjowó, bẹ́ẹ̀ eyín mi méjì ti iwájú ti ká nígbà náà. Ìyá Múfú ni Adúmáradán. Bàbá mi ni Baba Ẹlẹ́wà. Orúkọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ju ìwọ̀nyí lọ, àwọn náà ló kó fún àwọn ará inú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe wọ ilé ńlá kan lọ nílẹ̀ Faransé.

Háà, a gbádùn. Èmi di ọmọ odi kan tó mọ àṣírí gbogbo ilé. Ìyá Múfú di alásè, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n pé òun ti wà nínú ìwé. Orúkọ bàbá mi bọ́ sórí fadá. Bàbá mi yìí kan náà, tí kì í gbẹ́yìn ní sàfú iwájú! Wọ́n ti mọ́sálásí dé lọ́jọ́ kan, Ìyá Múfú kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní a gbọ́ pé ẹ ṣe máàsì dáadáa lánàá. Bàbá mi yíjú sí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọlé. Ọjọ́ kẹta, bàbá mi náà gbé àga wá sí ìdí ẹ̀gúsí, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló dára níbẹ̀. Ẹ̀gúsí tí à ń bó lọ́jọ́ méjì, a bó o tán lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà ìtàn wá dùn jù, ọwọ́ kò wá ṣiṣẹ́ mọ́, àfi kí Ìyá Àgbà máa fi abẹ̀bẹ̀ gbá wa lẹ́yìn. Ohun tó sì dùn mọ́ mi jù ni pé Àǹtí ń sọ̀rọ̀. Yorùbá Àjàṣẹ́ rẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ráyè fi ṣe ẹ̀rín mọ́, wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fún lórúkọ, ìyá arúgbó tó ni ilé ńlá náà. "Ìyá náà" ló kàn ń pè é. Ìyá Àgbà rò ó títí, nígbà tó di ọjọ́ kan wọ́n ní, "Gbogbo èèyàn ló wà níbẹ̀. Èmi ńkọ́?" Àǹtí ní àwọn kò tíì dé ibi tí Ìyá wà. Ìyá Àgbà ní irọ́ ni, obìnrin tó ní ilé, tí gbogbo ènìyàn ń dìde fún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò lè jẹun kó tó jókòó, ta ni bí kò bá ṣe àwọn? Wọ́n ní àwọn nìyẹn. Inú wọn dùn, wọ́n tún gèlè wọn we. Mo wo ojú Àǹtí, mo sì rí i pé ó ti fà ro.

Ìgbà tí mo lọ gbá yàrá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún mi. Bí mo ṣe kéré tó yẹn, ẹ̀yin ló ń fi pè mí, nítorí mo ti wà nílé kó tó dé. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ẹ máa bá mi pa á mọ́ o." Ìyá tó wà nínú ìwé yìí máa lé ìyàwó tó kéré jù jáde. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa bínú kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa wá ku òun nìkan nínú ilé ńlá yẹn, á sì kú láìsí ẹni tó mọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Báwo ni òun ṣe fẹ́ jókòó síwájú ìyá ọkọ òun, kí òun fi ẹnu ara òun sọ irú rẹ̀ sí wọn? Ṣé wọn kò ní sọ pé òun ń gbé wọn ṣépè ni? Mo búra pé mi ò ní sọ.

Ni Àǹtí bá bẹ̀rẹ̀ sí í da omi pọ̀ mọ́ ọn. Ó ń fi nǹkan kún un láti orí ara rẹ̀: ìgbéyàwó níbí, ìsọmọlórúkọ níbẹ̀, ẹṣin ìyá náà bímọ, a tún se àsè nítorí ẹṣin. Màdáàmù tó wà ní Párí kò ní dá ilé náà mọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wà lẹ́nu àsè. Iléyá ti ku ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, mo sì rò pé ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni Àǹtí fi ń sàmì sí ibi tó bá kà dé, ojú Ìyá Múfú kò sì kúrò lára ìgbálẹ̀ yẹn. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan ó gbé atẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí ìgbálẹ̀ yìí kò kúrò lójú kan. Ó ní ìyàwó yìí kò mọ̀wé kà, ó kàn ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà ni, ó ti rí wa ní òpè. Àǹtí tẹrí ba, ó tún fẹ́ padà sínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lójú mi báyìí.

Ara mi kò gbà á. Mo dìde láàárín ẹní, mo ní, "Irọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n kà. Ìyá náà máa kú ni, kò fẹ́ kí Ìyá Àgbà gbọ́."

Ìyá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó mi ní ìkó kan tí mo ṣì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó bà. Ìyá Àgbà gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró wọn, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn kò jáde jẹun. Ìyá Múfú fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Kékeré ti ń bi ọ̀rẹ́ wọn kan léèrè yàrá ní Èbúté Mẹ́ta, mo sì gba ojú ihò ilẹ̀kùn rí Àǹtí tó ń to aṣọ rẹ̀ lé àwọn ìwé lórí. Mo sunkún débi pé mo gbàgbé ìkó. Ẹnu mi ló ṣe é, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Ìyá Àgbà jáde. Wọ́n ní kí gbogbo ilé jókòó, bàbá mi àti Bàbá Kékeré náà. Wọn kò da ẹ̀gúsí sínú atẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí Àǹtí gbé ìwé wá, kó sì kà á bó ṣe wà níbẹ̀, kó má fi ẹṣin kankan kún un. Àǹtí kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, Bàbá Kékeré bá a bẹ̀ wọ́n. Ìyá Àgbà ní kó kà. Ó sì kà á. Ó ka bí ìyá náà ṣe ju ẹrù ìyàwó síta, bí àwọn ọmọ ṣe ń kó lọ, bó ṣe ń tẹ́ tábìlì fún ènìyàn méjìlá lójoojúmọ́, tí òun nìkan sì ń jókòó tì í. Ó ka ikú náà, ó pa ìwé dé. Ìyá Múfú ń fi ìborùn nu imú.

Ìyá Àgbà wá ní, "Àwọn ìyàwó ilé yẹn, wọ́n rí i pé ìyá náà ń ṣe àṣejù?"

"Wọ́n rí i, Ìyá."

"Kí ló dé tí ẹnì kankan kò sọ fún un?"

"Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n."

"Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀rù mi ń bà ọ́?"

Àǹtí wo ilẹ̀. "Ó ń bà mí, Ìyá."

Ìwọ ọmọ ọmọ mi, ibí yìí ni ìdáhùn rẹ wà. Mo ti ka ìwé obìnrin náà tán pátápátá láti ìgbà yẹn, èyí tó kọ lẹ́yìn náà pẹ̀lú. Èyí tó tínrín dùn, gbogbo olùkọ́ ló máa ní kí o ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Àǹtí náà ṣáà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, à bá kàn rẹ́rìn-ín títí di Iléyá, kò sì sí ohun tí ì bá yí padà nílé wa. Mú èyí tó nípọn. Tó bá sì ṣeé ṣe, kà á sétí ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́.

Ìyá Àgbà ní kí Àǹtí dìde lórí ìkúnlẹ̀, kó jókòó. Wọ́n ní, "Ó dáa. Sọ ohun kan fún mi báyìí, tí ẹnì kankan nínú ilé yìí kò lè sọ fún mi." Bàbá Kékeré ń ṣẹ́jú sí ìyàwó wọn pé kó má dán an wò. Àǹtí wo ọkọ rẹ̀, ó wò mí, ó ní:

"Ìyá, ọbẹ̀ Jímọ̀ yín, iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù."

Ẹ gbà mí. Ọbẹ̀ Jímọ̀ ni ọbẹ̀ kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà ń fi ọwọ́ ara wọn sè fún gbogbo ilé, wọn kì í jẹ́ kí ìyàwó kankan sún mọ́ ìdí ààrò náà. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń sè é bẹ́ẹ̀. Bàbá mi á jẹ ẹ́, wọ́n á yìn ín, wọ́n á wá lọ dúró ti ìkòkò omi bí ìgbà tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Àwa ọmọ rò pé bí ọjọ́ Jímọ̀ ṣe rí nìyẹn, pé òùngbẹ wà nínú ẹ̀sìn. Ìyá Àgbà yíjú sí bàbá mi. Wọ́n bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ ni. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrun dé, wọn kò lè purọ́. Wọ́n wú ikọ́, wọ́n ní ó máa ń mú díẹ̀, Ìyá. Ìyá Múfú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò ràn án. Gbogbo wa bá a. Ìyá Àgbà pàápàá rín títí gèlè fi tú lórí wọn. Wọ́n ní, "Gbogbo yín lẹ mọ̀? Ẹ ń mumi lé e lórí, ẹ wá ń kí mi kú iṣẹ́?" Bàbá Kékeré jókòó, ara wọn rọ̀ wọ̀ọ̀, wọn kò sì dárúkọ Èbúté Mẹ́ta mọ́.

Ọjọ́ kejì ni Jímọ̀. Ìyá Àgbà ti wà nídìí ààrò láti òwúrọ̀. Kí wọ́n tó sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n ké pe ìyàwó Àjàṣẹ́ kó wá tọ́ ọ wò. Àǹtí sáré wá, ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ahọ́n kàn án. Ó ní lónìí, iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ kó tó. Ìyá Àgbà gbé abọ́ iyọ̀ lé e lọ́wọ́, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n jókòó.